Bí Ẹ Ṣe Lè Yí Òbí Tó Kọ Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Lọ́kàn Padà

Nínú gbogbo àìsàn, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣòro jù láti fi bẹ àgbàlagbà, torí kì í sábà dunni. Ẹni tí eyín ń dùn kò retí kí ẹnikẹ́ni bẹ òun. Fúnra rẹ̀ ni yóò wá oníṣègùn lọ lóru. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru dé 170 lórí 100 lè jí láàárọ̀, kó gbá iwájú ilé rẹ̀, kó jẹ àmàlà tán, kó wá jókòó kó bi ọmọ rẹ̀ pé: “Wò mí dáadáa. Èmi yìí náà lò ń pè ní aláìsàn?” Kí lọmọ fẹ́ fọ̀?

Níbi tí mo ti ń ta oògùn n'Ìbàdàn, a máa ń rí ọmọ tó wá ra oògùn fún òbí tí kò ní í lò ó. Wọ́n á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á pariwo lẹ́ẹ̀kejì, tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta wọ́n á ní, “Ẹ fi bàbá sílẹ̀, olórí kunkun ni wọ́n.” Àwọn mìíràn wà tí òbí tiwọn le ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ̀rọ̀ wọn sì padà wọlé. Kì í ṣe pé wọ́n lẹ́nu ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n ń padà lọ ni, àmọ́ wọn kì í gbé ọ̀rọ̀ àná padà lọ. Ẹni tó ń tẹpẹlẹ mọ́ nǹkan àti ẹni tó kàn ń yọ èèyàn lẹ́nu, ibẹ̀ ni wọ́n ti yàtọ̀ síra. “Bàbá” ni mo máa pè é jálẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, torí àwọn bàbá ló ń fún wa níṣẹ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ àwọn màmá kan tó le ju bàbá lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìdí tí wọn ò sọ jáde

“Kò sóhun tó ń ṣe mí” kì í ṣe ìdí, ọ̀rọ̀ ìbòjú ni. Bí ẹ bá ń dá ọ̀rọ̀ yẹn lóhùn, tí ẹ ń ka ewu ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn bí ẹni ń ka ìwé, ohun tí wọn ò sọ wà níbi tó wà.

Bàbá kan máa ń wá ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ wa. Lọ́jọ́ kan, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí gbogbo oníbàárà fi lọ tán, ó wá sún mọ́ káńtà, ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún mi yìí, ṣé kì í pa nǹkan ọkùnrin?” Àwọn ọmọ rẹ̀ ti bá a fa ọ̀rọ̀ oògùn yìí títí, kò sẹ́ni tó ronú kan ibẹ̀. Báwo ni bàbá ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin? Òótọ́ sì ni pé àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan lè fa ìṣòro náà, bí ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ò tọ́jú ṣe lè fà á. Oògùn mìíràn wà tí kì í sábà fà á. Kí dókítà pààrọ̀ oògùn lọ̀rọ̀ náà gbà, kò gba ariwo rárá.

Ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ ló wú u. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ń tà gan-an, lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú. Bí bàbá bá sì rí ẹsẹ̀ tó wú, ohun tó máa wá sí wọn lọ́kàn ni pé oògùn ti ba kíndìnrín àwọn jẹ́. Lisinopril lè fa ikọ́ gbígbẹ tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Moduretic a máa mú èèyàn tọ̀ léraléra. Ẹni tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn pẹ̀lú ìtọ̀ nínú kò ní í gbé e mì mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, kò sì ní í pẹ́ tí kò ní í gbé e mì lọ́jọ́ kankan.

Owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá tó mọ̀ pé ọmọ òun ń forí ṣe fọrùn ṣe kó tó san owó ilé ìwé àwọn ọmọ tirẹ̀ kò ní í sọ pé oògùn wọ́n. Yóò ní òun ò fẹ́ ni. Ẹlòmíràn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó sì kú lọ́dún náà, ó ti so méjèèjì pọ̀. Ó sì wà nínú wọn tó jẹ́ pé gbólóhùn kan ṣoṣo tí nọ́ọ̀sì sọ ló lé e sá, pé títí ayé ni òun ó máa lò ó.

Bí ẹ ṣe máa rí ìdí yìí nìyí. Ẹ má béèrè pé “Kí ló dé tẹ́ ẹ kì í lo oògùn yín?” Ìbéèrè adájọ́ nìyẹn. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ oògùn, kẹ́ ẹ má béèrè ọ̀rọ̀ wọn: “Bàbá, oògùn ọjọ́sí yẹn, báwo ló ṣe rí lára yín?” Kẹ́ ẹ wá panu mọ́. Inú mọ́tò dára fún irú ìbéèrè yìí, oko dára, ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣa ẹ̀wà dára, torí ojú ò ranjú mọ́ ojú níbẹ̀. Yàrá ìgbàlejò tí ìyàwó yín jókòó sí kò dára rárá. Bí wọn ò bá dáhùn lónìí, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tún un bi wọ́n lọ́nà mìíràn lọ́jọ́ mìíràn. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí etí ọmọ ò gbọdọ̀ gbọ́, ẹ kàn sọ pé, “Bàbá, bó bá ní ohun tí oògùn yẹn ń fà fún yín, ẹ lè bá dókítà nìkan sọ ọ́, mo máa dúró níta.” Kẹ́ ẹ sì dúró níta lóòótọ́.

Ẹ dín ohun tẹ́ ẹ ń tọrọ kù

“Ẹ lo oògùn” ti tóbi jù fún ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ tọrọ ohun tó kéré débi pé kíkọ̀ rẹ̀ á jọ àṣejù: kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, tán. Ẹ wọn tiyín lójú wọn ṣáájú, ẹ wọn ti màmá, ẹ wọn ti aládùúgbò tó bá yà kí yín. Àgbàlagbà tó ń wo ẹ̀rọ tí gbogbo ilé ń wé mọ́ apá máa ń fẹ́ mọ tòun náà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá lókè ìgúnpá ni kẹ́ ẹ rà. Èyí tí wọ́n ń wé mọ́ ọrùn ọwọ́ a máa ṣìnà. Ẹ wo bí aṣọ rẹ̀ ṣe tóbi tó, torí èyí tó bá há mọ́ apá á sọ nọ́ńbà di ńlá lásán. Kí wọ́n ti tọ̀ kí wọ́n tó jókòó. Kí wọ́n má jẹ obì, kí wọ́n má mu kọfí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, torí káfíìnì wà nínú méjèèjì. Kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní déédéé àyà, kí wọ́n sì sinmi fún ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀ yìí ló ń pa àwọn bàbá wa lára jù. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín.

Ẹ fún bàbá ní ìwé kékeré àti bírò, kí wọ́n máa fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sílẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan. Nílé ìwòsàn, bó bá ti ń wà ní 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó bá jẹ́ ilé lẹ ti wọ̀n ọ́n, 135 lórí 85 ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn ń lò. Ẹ sọ èyí fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ má sì sọ̀rọ̀ lórí nọ́ńbà kankan mọ́. Ó máa ṣòro fún yín, mo mọ̀. Àmọ́ bàbá tó bá rí nọ́ńbà òkè 158, 162, 155 tí òun fúnra rẹ̀ kọ kò lè sọ pé ọmọ òun ló ń dẹ́rù ba òun. Á pẹ́ á yá, á bi yín pé, “Kí ló dé tí nǹkan yìí ò sọ̀ kalẹ̀?” Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tọrọ ohun kejì, èyíinì ni pé kẹ́ ẹ jọ gbé ìwé náà lọ fún dókítà, kẹ́ ẹ kàn gbọ́ ohun tó máa sọ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀bẹ̀ kẹta ni oògùn, ìyẹn náà sì ní gbèdéke: “Bàbá, ẹ jẹ́ ká lò ó fún oṣù kan, ká tún wò ó nínú ìwé yín.” Ẹ má fi èyí tàn wọ́n jẹ o. Ẹ sọ fún wọn pé bó bá ṣiṣẹ́, dókítà máa fẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ. Ẹni tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí 132 lẹ́yìn 160 kì í fi bẹ́ẹ̀ bá “títí ayé” jà mọ́.

Ìgbà àti ìjókòó

Ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, n ò ní í pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tó dúró lé bàbá rẹ̀ lórí, tó dọ́wọ́ lé ìbàdí, ti pàdánù kó tó lanu. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ jókòó sílẹ̀ lórí ẹní. Kí ebi má pa wọ́n, kí àlejò má sí níbẹ̀, kó má sì jẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ wá tọrọ owó tàbí ilẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Houston, tiyín yàtọ̀. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí fóònù yín bá dún, “Dádì, ṣé ẹ ti lo oògùn?” ni, wọn ò ní í gbé e mọ́. Màmá yín lẹ ó máa bá sọ̀rọ̀, á ní wọ́n ń sùn, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ máa pè láìdárúkọ oògùn rárá. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, ẹ béèrè ẹni tó ṣe òkú ládùúgbò, ẹ jẹ́ kí wọ́n bú gómìnà títí tó fi máa tẹ́ wọn lọ́rùn. Lẹ́yìn irú ìpè bẹ́ẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ lè ju ọ̀rọ̀ oògùn sí i bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, kẹ́ ẹ sì kúrò níbẹ̀ kíá.

Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa ọ̀rọ̀ náà tì

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ba ohun tí wọ́n ti ń kọ́ jẹ́. Bàbá á ní “mi ò ṣe”, ọmọ á tún un sọ, ohùn á lọ sókè, bàbá á búra. Bí àgbàlagbà bá sì ti fi orúkọ Ọlọ́run búra pé oògùn ò ní í kan ẹnu òun, ẹ ti fún un ní ìdí tuntun tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: kò fẹ́ kí ìbúra òun di irọ́. Nítorí náà, kí wọ́n tó dé ibi ìbúra, ẹ ti kúrò níbẹ̀. “Ó dáa, bàbá, mo ti gbọ́. Ṣé wọ́n ti wá tún páànù yẹn ṣe?” Kí ẹ̀rín ṣì wà nílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń dìde, torí ẹ̀yin náà lẹ máa padà wá.

Àárín ìgbà méjì tẹ́ ẹ máa sọ ọ́ dá lórí ohun tó wà nínú ìwé. Bó bá ń lọ láàárín 140 sí 150, èmi á fún wọn ní bí ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó tún fọwọ́ kàn án. Bó bá ń sún mọ́ 170, ọjọ́ díẹ̀ ni. Kí nǹkan kan sì ti yí padà kẹ́ ẹ tó padà lọ: ẹ ti rí oògùn tí kò wọ́n tó ti tẹ́lẹ̀, ẹ ti bi dókítà léèrè nípa ẹsẹ̀ wíwú, tàbí ẹni mìíràn ló máa sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Bí kò bá sí ohun tó yí padà, ẹ jókòó sílé yín.

Ibì kan wà tí ẹ̀bẹ̀ parí sí. Bí ẹ̀rọ bá gbé 180 lórí 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyà ń dùn wọ́n, tí orí ń fọ́ wọn lọ́nà tí kò ṣe rí, tí mímí ṣòro, tàbí tí ojú ń ṣú, ọsibítù ló kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò lágbára mọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu. Àmì sítíróòkù, ìyẹn àrùn rọpárọsẹ̀, nìyẹn, nọ́ńbà yòówù tí ì báà wà lójú ẹ̀rọ. Ẹ pe aládùúgbò, ẹ wá mọ́tò, ẹ gbé wọn. Ẹ má fi oògùn tàbí àgbo kankan sí wọn lẹ́nu lójú ọ̀nà, ó lè há wọn lọ́fun. Bí wọ́n bá fẹ́ bínú, kí wọ́n ti ọsibítù bínú.

Ẹ pààrọ̀ ẹnu tó ń sọ ọ́

Ní 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ Kano dá fífún àwọn ọmọdé ní àjẹsára pólíò dúró, torí àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kan sọ pé wọ́n ti po ohun tó ń sọ obìnrin di àgàn mọ́ ọn. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò, wọ́n fi èsì hàn, ẹ̀rù ò lọ. Nígbà tí Kano máa padà gbà ní 2004, àjẹsára tó wá láti Indonesia, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àjẹsára náà ni àjẹsára. Ibi tó ti wá ló yí padà. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọba ilẹ̀ Haúsá àti àwọn ìmáàmù dá sí i, àwọn obìnrin àdúgbò ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń fi yíǹkì sàmì sí ìka ọmọ tó bá ti gbà á, wọ́n sì ń padà sí ilé tó ti lé wọn. Ọdún 2016 ni wọ́n rí kòkòrò pólíò àbáláyé gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà. Ní 2020 ni wọ́n tó jẹ́rìí sí i pé ó ti lọ. Ohun tó wú mi lórí nínú ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé wọn ò retí kí ẹni tó ń bẹ̀rù kọ́kọ́ gbà pé òun ṣìnà.

Nínú ilé tiyín, ta ni Indonesia? Lójú tèmi, kò sí ẹni tó dà bí ẹlẹgbẹ́ bàbá tí òun náà ń lo oògùn. Ẹ wá a kàn nílé, ẹ ṣàlàyé fún un, kó wá ṣeré wá bó ṣe máa ń wá. Bó bá yọ oògùn tirẹ̀ lápò lẹ́yìn oúnjẹ, tó gbé e mì láìwí nǹkan kan, iṣẹ́ ti ń lọ. Àbúrò tí bàbá tọ́ náà dára, ìyàwó ilé tí wọ́n fẹ́ràn ọbẹ̀ rẹ̀ náà dára, àlùfáà tàbí aláàfáà wọn bó bá jẹ́ ẹni tó gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń bẹ̀rù kò fi bẹ́ẹ̀ dára. Wọ́n á gbà lójú rẹ̀, wọ́n á sọ oògùn nù lẹ́yìn rẹ̀.

Kó jẹ́ ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má pe ìpàdé ẹbí. Bàbá tó bá jókòó sáàárín ọmọ mẹ́fà àti àwọn àna, tí gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà, iyì rẹ̀ ló máa gbèjà níbẹ̀, ó sì tọ̀nà.

Ẹ má lọ oògùn sínú ẹ̀kọ fún wọn o. Oògùn mìíràn wà tí wọn kì í lọ̀, bí wọ́n bá sì fi rí i lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní í jẹun lọ́wọ́ yín mọ́. Ẹ má sì ka orúkọ àwọn tí sítíróòkù ti gbé lọ fún wọn. Wọ́n mọ̀ wọ́n jù yín lọ, àwọn ni wọ́n jọ ṣe kékeré.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà

Iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń dá a dúró ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, tí ẹ̀rọ bá ti gbé 128. “Ó ti lọ,” ni wọ́n máa wí. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ṣáájú, kó tó ṣẹlẹ̀, pé oògùn ló mú un wálẹ̀, bí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ yóò padà. Àwọn oògùn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ á tilẹ̀ fò sókè bí èèyàn bá já wọn jùnù lójijì. Bí ohun kan bá ń ṣẹlẹ̀ lára wọn, dókítà ni kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fúnra yín pààrọ̀ rẹ̀ ní káńtà wa, a ò sì gbọdọ̀ bá yín ṣe é.

Ẹ wo ohun mìíràn tí wọ́n ń lò. Oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì lè má jẹ́ kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ má bá wọn jà lórí àgbo. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú ìgò rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ní ti iyọ̀, ohun tí WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ ni pé kó má tó gíráàmù 5 lójúmọ́ fún àgbàlagbà, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìpotíì kan, pẹ̀lú èyí tó wà nínú Maggi àti búrẹ́dì. Ẹ má se ọbẹ̀ wọn lọ́tọ̀, ó ń jọ ìyà. Ọbẹ̀ gbogbo ilé ni kẹ́ ẹ dín iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀ díẹ̀, kí irú àti ata ṣe ìyókù.

Ẹ so oògùn mọ́ ohun tí wọn kì í gbàgbé. Ẹni tó ń kírun àárọ̀ lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tù àlùwàlá. Ẹni tó ń tẹ́tí sí ìròyìn rédíò lè gbé e sórí rédíò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń lò ó, ẹ ka èyí tó kù nínú páálí, láìpariwo, bí ẹ bá ń gbá yàrá. Kó tó ku ọ̀sẹ̀ kan tí yóò tán, kí ọmọ tó wà nítòsí ti ra òmíràn sílẹ̀, torí ọjọ́ tí oògùn bá tán nílé ni àwáwí tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó ń rà á sì mú páálí ti tẹ́lẹ̀ dání wá, ká lè fi orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀ wéra, torí páálí 5 miligíráàmù àti ti 10 lè jọra débi pé ọmọ tó ń kánjú ò ní í mọ̀ ọ́n yàtọ̀.